Nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di 2147483647: kí ni nọ́ńbà yìí gan-an?

#1 adigun_kodu

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa bójú tó o. Ẹni tó kọ ọ́ ti rin ìrìn àjò, kò fi àlàyé kankan sílẹ̀. Mo ṣí dátábéèsì, mo wo kọ́lọ̀mù nọ́ńbà fóònù, mo bá 2147483647. Mo wo ẹni kejì: 2147483647. Ẹni kẹta, bákan náà. Àti alága, àti akápò, àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò!

Ká ní òdo ni, ǹ bá ní wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ká ní 1234567890 ni, ǹ bá ní ẹnì kan ló ń dán an wò. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó, tó máa ki 2147483647 bọ ojú gbogbo ènìyàn? Ibo ni nọ́ńbà yìí ti wá?

#2 mama_ibeji_IT

Adígún, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Lọ wo irú kọ́lọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é. INT ni (irú tó ń gbé odidi nọ́ńbà nìkan), mi ò tíì rí i, mo mọ̀.

INT inú MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, ní bíìtì 32 (bíìtì kan jẹ́ ààyè 0 tàbí 1). Bíìtì kan ló ń sọ bóyá òkè òdo ni nọ́ńbà wà tàbí ìsàlẹ̀ òdo, 31 tó kù ló ń gbé nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Bí gbogbo 31 yẹn bá di 1, ó ti kún dẹ́nu nìyẹn: 2^31 − 1 (2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a sọ lọ́nà ara wọn, ká yọ 1), tí í ṣe 2,147,483,647. Wàyí o, mú nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080. Òdo iwájú á kọ́kọ́ re bọ́, torí INT ò mọ òdo iwájú. Ohun tó kù ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Ibo ló fẹ́ wọ̀ sí? MySQL tí kò bá sí ní ipò strict (ipò tó ń kọ ohun tí kò bá wọ̀) ò ní bá ọ jà, á kàn gé e mọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, á ju ìkìlọ̀ kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ẹ̀dà 5.7 ni strict ti ń wà ní títàn láti ilé, nítorí náà bóyá ẹ̀dà àtijọ́ lo ní tàbí ẹnì kan ló pa á.

Sọ kọ́lọ̀mù yẹn di VARCHAR, irú tó ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀, ọ̀rọ̀ ni kí o kà á sí. NIN àti BVN náà nìyẹn, mọ́kànlá mọ́kànlá ni wọ́n. Èyí tó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ jù ni nọ́ńbà àkáùntì báńkì, torí mẹ́wàá péré ni. Èyí tó fi 1 bẹ̀rẹ̀ á wọ̀ dáadáa, èyí tó fi 0 bẹ̀rẹ̀ á wọ̀ ṣùgbọ́n òdo rẹ̀ á sọnù, èyí tó fi 3 bẹ̀rẹ̀ á di 2147483647. O lè fi àkáùntì tìrẹ dán an wò kó ṣiṣẹ́, kó wá jẹ́ ti oníbàárà ló máa dàrú.

Àwọn èyí tó ti sọnù ti lọ o. Wá fọ́ọ̀mù oníwèé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ.

#3 adigun_kodu

Ẹ ṣeun mà. INT(11) ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Àṣé 11 yẹn ló tàn án. Ó rò pé ààyè nọ́ńbà mọ́kànlá ni wọ́n fún òun.

#4 mama_ibeji_IT

Gbogbo wọn ni ó máa ń tàn. 11 yẹn kàn ń sọ bí yóò ṣe fẹ̀ tó lójú ni, kò fi bíìtì kan ṣoṣo kún agbára rẹ̀. INT(3) àti INT(11), ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kún dé.

#5 oluko_isiro

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ ń bá jà yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti lókìkí nílùú àwọn oníṣirò kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Ní 1772, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, kọ lẹ́tà sí Daniel Bernoulli. Ó ní òun ti yẹ 2147483647 wò, òun sì rí i pé prime ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé: prime ni odidi nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, bíi 7, bíi 13. Lásìkò tí mò ń wí yìí, díẹ̀ ló kù kí ojú Euler fọ́ tán, orí ló fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti akọ̀wé rẹ̀ ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo prime tí aráyé mọ̀ nígbà náà, èyí ló wá di ọba. 6,700,417 ló wà lórí oyè kó tó dé, Euler náà ló sì rí òun náà, nígbà tó tú 2^32 + 1 palẹ̀ sí 641 × 6,700,417.

#6 owo_ni_koko

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. "Ó yẹ̀ ẹ́ wò" kẹ̀? Pẹ̀lú ọwọ́? Nọ́ńbà bílíọ̀nù méjì la ń sọ o. Bí ó bá ń fi nọ́ńbà kan pín in ní ìṣẹ́jú kan, kò sùn kò jẹun, á gbà á ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún lọ. Ẹ má fi ìtàn òyìnbó dá wa lára yá.

#7 oluko_isiro

Ìbéèrè rere. Mo dúpẹ́ pé o béèrè, torí níbẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Má bínú, ó máa gùn díẹ̀.

Àkọ́kọ́, kò yẹ kí ó dé bílíọ̀nù méjì. Bí nọ́ńbà kan bá tú sí méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ kéré. 46,340 lọ́nà 46,340 jẹ́ 2,147,395,600, kò tíì dé ibẹ̀. 46,341 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 2,147,488,281, ó ti kọjá. Nítorí náà bí 2147483647 bá ní ohun tó lè pín in, ọ̀kan nínú wọn ò lè ju 46,340 lọ. A ti gé bílíọ̀nù méjì di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta àti díẹ̀.

Èkejì. Ká ní prime kan wà tó ń jẹ́ q, tó pín 2^31 − 1 láìṣẹ́kù. Ìyẹn ni pé bí a bá fi q pín 2^31, 1 ló máa ṣẹ́kù. Máa sọ 2 di ìlọ́po méjì, máa wo ohun tó ń ṣẹ́kù nígbà tí o bá fi q pín in: 2, 4, 8, 16... Ní ìgbésẹ̀ 31 yóò padà sí 1. Ó ha lè ti padà sí 1 ṣáájú ìgbà yẹn bí? Rárá, torí iye ìgbésẹ̀ tó ń gbà padà gbọ́dọ̀ pín 31 dọ́gba, 31 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ prime. Fermat ti fi hàn wá láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ní ìgbésẹ̀ q − 1 ó gbọ́dọ̀ padà sí 1. Nítorí náà 31 gbọ́dọ̀ pín q − 1. Nọ́ńbà q ò lè jẹ́ 2, nítorí náà q − 1 jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Pa á pọ̀: 62 gbọ́dọ̀ pín q − 1. Nọ́ńbà tó lè pín ọba wa yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù nígbà tí a bá fi 62 pín in.

Bí o bá fẹ́ rí i lára kékeré: 2^11 − 1 jẹ́ 2047, òun sì jẹ́ 23 × 89. Fi 22 pín 23, ó ku 1. Fi 22 pín 89, ó ku 1. Òfin náà ò yẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá fi q pín in, 2^31 ń ṣẹ́ 1 kù, nítorí náà 2^32 á ṣẹ́ 2 kù, bẹ́ẹ̀ 2^32 ni 2^16 lọ́nà ara rẹ̀. Nígbà tí 2 bá ti rí báyìí, tí nọ́ńbà kan wà tí a lè fi lọ́nà ara rẹ̀ kó bí i, q kò lè ṣe ju kó ṣẹ́ 1 tàbí 7 kù nígbà tí a bá fi 8 pín in. So òfin yìí mọ́ ti 62, ohun tó máa jáde ni pé q jẹ́ ọ̀kan nínú ìlà méjì péré: 248k + 1, tàbí 248k + 63.

Wàyí, kà wọ́n. Ìlà kìíní láti 249 títí dé 46,340 ní nọ́ńbà 186. Ìlà kejì láti 63 ní 187. Àpapọ̀ wọn 373, 63 sì ti kúrò lójú ẹsẹ̀ torí 7 × 9 ni. Ó ku 372. Bí o bá tún yọ àwọn tí kì í ṣe prime kúrò, ó tún máa dín kù gan-an: 249 jẹ́ 3 × 83, 497 jẹ́ 7 × 71, 559 jẹ́ 13 × 43. Èyí àkọ́kọ́ tó yẹ kí o fi pín in ní tòótọ́ ni 311.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún rẹ ti di iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan fún ẹni tó ní sùúrù.

#8 owo_ni_koko

Mo ti gbé fóònù. 311 wọ inú rẹ̀ lọ́nà 6,905,092, ó ku 35. Mo wo ìlà yín, mo rí i pé èyí tó tẹ̀ lé e tó jẹ́ prime ni 1303. Ó ku 226. Lẹ́yìn ìyẹn 1489: ó ku 199. Ó ti sú mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé ènìyàn lè ṣe é. Euler, mo júbà.

Ìbéèrè mi tó kù ni pé kí wá ni èrè rẹ̀? Ó jẹ́ prime, kò jẹ́ prime, nọ́ńbà fóònù ìyá ẹlẹ́kọ ṣì sọnù.

#9 sade_peckham

Ẹ káalẹ́ láti London. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín nínú bọ́ọ̀sì, ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ti kọjá 😂

Ẹ̀gbọ́n Owó, bóyá torí pé ó jẹ́ prime ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fi mú un gẹ́gẹ́ bí òpin? Mo rántí pé mo gbọ́ irú rẹ̀ rí.

#10 mama_ibeji_IT

Rárá o, Ṣadé. Kò kan prime rárá. Báìtì jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, a sì ń ṣe ìlọ́po méjì lọ: 8, 16, 32, 64. Yọ bíìtì àmì kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí òpin wọn jẹ́:

bíìtì 8: 127, prime ni
bíìtì 16: 32,767 = 7 × 31 × 151
bíìtì 32: 2,147,483,647, prime ni
bíìtì 64: 9,223,372,036,854,775,807 = 7 × 7 × 73 × 127 × 337 × 92,737 × 649,657

Ká ní prime ni wọ́n ń wá ni, bíìtì 16 àti 64 ò ní sí láyé. Ṣe ẹ rántí ìparí 2014, tí iye àwọn tó wo Gangnam Style ti Psy lórí YouTube kọjá 2,147,483,647? Wọ́n ní láti gbé kántà lọ sí bíìtì 64. Àìwọ̀ ló fà á, kì í ṣe prime.

#11 oluko_isiro

Òótọ́ lo sọ, ìyá ìbejì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀kan lé e. Àwòrán tó wà nínú àtẹ rẹ yẹn kì í ṣe èèṣì pátápátá. Nínú iye bíìtì tó kù lẹ́yìn tí a yọ àmì, 7 àti 31 jẹ́ prime. 15 àti 63 kì í ṣe prime. Bí nọ́ńbà orí (bíi 31 nínú 2^31) bá ti tú, nọ́ńbà ńlá náà gbọ́dọ̀ tú pẹ̀lú rẹ̀. 63 jẹ́ 7 × 9. Nítorí náà 2^7 − 1, tí í ṣe 127, gbọ́dọ̀ wà nínú ikùn 2^63 − 1, àti 2^9 − 1, tí í ṣe 511, ìyẹn 7 × 73. Wo àtẹ rẹ, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ kò dájú ní ìdàkejì. 11 jẹ́ prime, 2047 sì tú. 23 jẹ́ prime, 47 sì pín 2^23 − 1. Marin Mersenne, àlùfáà ilẹ̀ Faransé, gbìyànjú láti to àwọn nọ́ńbà orí tó ń bí prime jọ ní 1644: 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127, 257. Ó gba 31, ó gba 127, ṣùgbọ́n ó ṣì 67 àti 257 mú, ó sì fo 61, 89 àti 107. Orúkọ rẹ̀ ṣì la fi ń pè wọ́n títí dòní. Nínú àwọn prime Mersenne, ọba wa yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ.

Bí ẹ bá tún fi bíìtì 128 kún àtẹ yẹn, òpin rẹ̀ ni 2^127 − 1, tí Édouard Lucas fi hàn ní 1876 pé prime ni. Nọ́ńbà 39 ló wà lára rẹ̀.

#12 sade_peckham

Ẹ dúró ná sà. 5 bí 31. 31 bí 2147483647. Àwọn méjèèjì jẹ́ prime. Ṣé 2147483647 náà ò lè bí òmíràn? 2^2147483647 − 1?

#13 oluko_isiro

Ojú rẹ là! Àwọn ènìyàn béèrè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. 3 bí 7, 7 bí 127, 127 bí èyí tí Lucas rí, kò sí èyí tó yẹ̀ nínú wọn. Ó wá dà bí ẹni pé ìdílé náà ò ní yẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọba wa bí kì í ṣe prime. 295,257,526,626,031 pín in. Ọ̀rọ̀ ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn: yọ 1 kúrò lára rẹ̀, fi 2 × 2,147,483,647 pín in, á jẹ́ 68,745 géérégé.

Ẹ wo bó ṣe yani lẹ́nu tó. Nọ́ńbà tí a ń tú náà ní ẹyọ nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 646. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó tú. A ò nílò ju ká máa wo ohun tó ń ṣẹ́kù. Prime tó tóbi jù tí a mọ̀ báyìí, 2^136279841 − 1, tí Luke Durant rí ní oṣù kẹwàá 2024, mílíọ̀nù 41 àti díẹ̀ ni ẹyọ nọ́ńbà tirẹ̀.

#14 mama_ibeji_IT

Mo ti dán ọba wò lọ́nà ti Lucas, èyí tí Lehmer tún ṣe. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Sọ ọ́ lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2, fi nọ́ńbà tí ò ń yẹ̀ wò pín in, mú ìyókù. Tún un ṣe. Fún 31 kékeré: 4, 14, 194 tó ṣẹ́ku 8, 62 tó ṣẹ́ku 0. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó parí, prime ni. Fún 2147483647: 4, 14, 194, 37634, 1416317954, ó wá ń fò káàkiri lẹ́yìn ìyẹn, ní ìgbésẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n, òdo. Kọ̀ǹpútà mi ò tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

#15 owo_ni_koko

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kàn mí, torí owó ni mò ń ṣe. Àwa tí a ń kọ áàpù ìsanwó, kọ́bọ̀ la fi ń tọ́jú owó kí àmì ìdá má bàa dà á rú. Mo wá rí i lálẹ́ yìí: 2,147,483,647 kọ́bọ̀ jẹ́ ₦21,474,836.47. Náírà mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àti ààbọ̀, kò pé! Nígbà kan, ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀? Lónìí, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Lekki ò ní í wo ojú rẹ. Ẹni tó bá fi INT ṣe kọ́lọ̀mù kọ́bọ̀, tí oníbàárà bá san mílíọ̀nù 25, mílíọ̀nù 21.47 ló máa rí lákọsílẹ̀. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí akawó.

#16 mama_ibeji_IT

Bí MySQL bá gé e, àánú ló ṣe ọ́. Nínú èdè kọ̀ǹpútà Java, kò ní gé e rárá. Fi 1 kún 2147483647, á di −2147483648. Oníbàárà tó sanwó á wá jẹ gbèsè.

#17 agogo_eko

Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì dé ibi tó ń bọ̀ wá bá gbogbo wa. Aago UNIX, tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń lò, ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970. Tí wọ́n bá fi bíìtì 32 tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tó máa kún ti wà nílẹ̀, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 86,400. Fi pín 2,147,483,647: ọjọ́ 24,855, ìṣẹ́jú-àáyá 11,647 ló ṣẹ́kù. Láti 1970 dé òpin 2037 jẹ́ ọdún 68, mẹ́tàdínlógún nínú wọn ní ọjọ́ 366. 68 × 365 + 17 = 24,837. Ọjọ́ 18 ló kù, a ti wọ ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2038. 11,647 yẹn jẹ́ wákàtí 3, ìṣẹ́jú 14, ìṣẹ́jú-àáyá 7. Aago Greenwich nìyẹn o. Ní Èkó, ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, àwọn kan á máa múra láti bọ́ sójú ọ̀nà kí gọ́sílóò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú-àáyá méje bá kọjá, ẹ̀rọ tí wọn ò tún ṣe á rò pé ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 1901 ni.

#18 owo_ni_koko

2038 ṣì jìnnà.

#19 agogo_eko

Kò jìnnà fún ẹni tó ń ṣírò iwájú. Ẹgbẹ́ tí Adígún ń tọ́jú, bí wọ́n bá yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ilé tí yóò san fún ogún ọdún, ọjọ́ ìparí rẹ̀ ti kọjá 2038 lónìí olónìí. Kọ́lọ̀mù TIMESTAMP inú MySQL, tó ń fi aago UNIX yìí tọ́jú ọjọ́, ò lè gbé e, ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti kú. DATETIME ni kí ó lò. Fóònù ọwọ́ yín lè má ní wàhálà torí bíìtì 64 ni wọ́n ń lò báyìí. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n há sínú mítà, sínú géètì, sínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí, àwọn ni ìbẹ̀rù mi.

#20 oluko_isiro

Owó, o béèrè èrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ dá ọ lóhùn, torí ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Ní 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa 2147483647 yìí kan náà. Ó ní nọ́ńbà kan tí prime yìí bí, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà pípé, ló ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa rí láé, torí pé ohun àríyá lásán ni wọ́n, wọn ò wúlò fún nǹkan kan, ta ló máa wá yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá èyí tó jù ú lọ? Ṣadé tí ò ń ṣe iṣẹ́ détà, bá mi dá Barlow lóhùn.

#21 sade_peckham

Ha, sà, ẹ ti mú mi 😄 Ó dáa.

Ọ̀nà kan wà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe bí ẹni tó ń ta ayò, tó ń ju nọ́ńbà tí ẹ ò retí. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ sọ ọ́ lọ́nà 16,807, ẹ fi 2147483647 pín in, ẹ mú ìyókù. Ìyókù yẹn ni nọ́ńbà tuntun, ẹ tún fi òun náà ṣe. Láti 1: 16807, lẹ́yìn náà 282475249, lẹ́yìn náà 1622650073, ó ń lọ. Park àti Miller ló sọ ọ́ di ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn lè fi wọn tiwọn ní 1988. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, tí èyí tó jáde ní ẹlẹ́ẹ̀kẹgbàárùn-ún kì í bá ṣe 1043618065, ẹ ti kọ ọ́ kọ́bọkọ̀bọ. Ó wà nínú èdè kọ̀ǹpútà C++ títí dòní, minstd_rand0 lorúkọ rẹ̀.

Torí pé òpin náà jẹ́ prime ló fi ṣiṣẹ́. Gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2147483646 ló máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní òpin náà tú ni, ó lè há sínú agbo kékeré kan, kó máa yí níbẹ̀. Ó sì wọ INT rẹ́gí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ láyé kọ̀ǹpútà bíìtì 32. Prime àti òpin pàdé lára nọ́ńbà kan, wọ́n sì lo méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà o. Bílíọ̀nù méjì kéré fún olè tó ní kọ̀ǹpútà.

#22 oluko_isiro

Ó káre. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ 16,807: 7 márùn-ún tí a sọ lọ́nà ara wọn ni, 7^5. 7 ń rin gbogbo agbo náà yí ká láìfo ẹnikẹ́ni. Agbo náà gùn tó 2147483646, tó jẹ́ 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Ẹ rí i pé 5 ò sí níbẹ̀. Nítorí náà bí 7 bá ń gbé ẹsẹ̀ márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kò ní fo ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ká ní 7^3 ni wọ́n mú ni, ìdá kan nínú mẹ́ta agbo náà ló máa dé.

#23 owo_ni_koko

Mo ti dákẹ́. Barlow náà kó dákẹ́.

#24 adigun_kodu

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yí kọ́lọ̀mù fóònù padà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kó fọ́ọ̀mù oníwèé bọ̀. Kọ́lọ̀mù owó wọn náà jẹ́ INT, náírà ni wọ́n fi kọ ọ́ kì í ṣe kọ́bọ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ di BIGINT, èyí tó ní bíìtì 64, kí n tó sùn.

Ìbéèrè kan ló kù, Bàbá Olùkọ́. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà pípé tí nọ́ńbà yìí bí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé òun náà máa wọ BIGINT?

#25 oluko_isiro

Á wọ̀. Nọ́ńbà pípé ni èyí tí gbogbo ohun tó pín in, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, bá pa pọ̀ di òun: 6 jẹ́ 1 + 2 + 3, 28 jẹ́ 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Euclid ti sọ láti ayé àwọn Gíríìkì pé bí 2^n − 1 bá ti jẹ́ prime, sọ ọ́ lọ́nà 2^(n−1), á di pípé. Nítorí náà 2^30 × 2147483647 = 2,305,843,008,139,952,128. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ni. Òun ló kẹ́yìn tó lè wọ BIGINT, èyí tó tẹ̀ lé e ní ẹyọ nọ́ńbà 37.

#26 mama_ibeji_IT

Mo fi ṣeré: mo sọ ọ́ lọ́nà mẹ́rin, 9,223,372,032,559,808,512. Ó ṣì wọ̀! Mo wá yọ ọ́ kúrò lára òpin BIGINT. Ó ku 4,294,967,295. Ẹ̀yin èèyàn mi, òpin INT UNSIGNED, INT tí kò ní bíìtì àmì, nìyẹn géérégé. Ṣé èèṣì nìyí náà, sà?

#27 oluko_isiro

Kì í ṣe èèṣì rárá. 4 × 2^30 jẹ́ 2^32. Sọ ọ́ lọ́nà 2^31 − 1, á di 2^63 − 2^32. Yọ ìyẹn kúrò lára 2^63 − 1, kí ló kù? 2^32 − 1.